Bí A Ṣe Ń Ka Òǹtẹ̀ Ara Ṣíbí àti Fọ́ọ̀kì Fàdákà Àlòkù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú agbọ̀n ṣíbí àlòkù ní ọjà car boot (níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta àlòkù láti inú ọkọ̀ wọn) tàbí ní charity shop nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojúlówó fàdákà àti irin tí wọ́n kàn fi fàdákà bò lójú máa ń wà pa pọ̀, gbogbo wọn á sì ti dúdú bákan náà. Ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ èwo ni èwo. Ohun tó máa là á fún yín ni ìlà òǹtẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ṣíbí náà. Òǹtẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Ireland là ń sọ níhìn-ín, torí pé òun ló pọ̀ jù lọ́jà níbẹ̀, òun ló sì létò jù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè sọ bí fàdákà náà ṣe mọ́ tó, ìlú tí wọ́n ti dán an wò, ọdún tí wọ́n dán an wò, àti ẹni tó gbé e wá fún ìdánwò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà orúkọ ẹni tó ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣìnà. Lẹ́tà méjì lè jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ bíi mélòó kan tí wọn ò mọra rí, ó sì lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń ta irin abòjú. Ẹ kọ́kọ́ wá àmì tó ń sọ bí fàdákà ṣe mọ́ tó. Ìlú ló tẹ̀ lé e, lẹ́tà ọdún tẹ̀ lé ìlú, orúkọ ẹni tó ṣe é ló kẹ́yìn.

Ohun tí ẹ máa mú dání

Awò kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, ti tó. Èyí tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí ojú máa rí lẹ́ẹ̀kan á kéré jù, gbígbọ̀n ọwọ́ á sì máa da ojú rú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, òòfà, ìwọ̀n tó ń ka gíráàmù dé 0.1, àti Blu-Tack díẹ̀ (ohun rírọ̀ bí àmọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri).

Awò ni kí ẹ gbé sún mọ́ ojú títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gbé ṣíbí bọ̀ wá bá a títí ojú òǹtẹ̀ á fi mọ́ kedere. Àwọn tó ń gbé awò lé orí ṣíbí tí wọ́n wá ń wò ó láti òkèèrè kì í rí ju àmì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tan iná sí i látòkè. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lélẹ̀, kí òjìji lè ṣú sínú kòtò òǹtẹ̀. Tí kò bá ṣeé kà síbẹ̀, ẹ yí ṣíbí náà ká díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Bí ó bá dọ̀tí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ìpara tí wọ́n fi ń dán fàdákà kàn án kí ẹ tó kà á tán. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dán fàdákà ni díẹ̀ ń bá aṣọ lọ, òǹtẹ̀ tí ẹ rí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, aṣọ ìdán ló jẹ ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, dúdú tó kù nínú kòtò òǹtẹ̀ ló ń jẹ́ kí lẹ́tà yọ sójú. Bí ó bá ti pa rẹ́ jù, ẹ tẹ Blu-Tack mọ́ ọn ṣinṣin, kí ẹ sì ṣí i kúrò ní tààrà láìfà á. Àmì tí ojú ò rí lórí fàdákà tó ń dán sábà máa ń hàn lára rẹ̀. Òdìkejì ló máa jẹ́ o, nítorí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì yí i padà lórí fóònù.

Ibi tí òǹtẹ̀ máa ń wà

Ibi tí òǹtẹ̀ wà ti ń sọ nǹkan kí a tó kà á. Lára ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1780, ìsàlẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n ń lù ú sí, nítòsí ibi tí ọwọ́ ti pàdé inú ṣíbí. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó gòkè lọ sítòsí ìpẹ̀kun ọwọ́. Òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ àtijọ́ sábà máa ń wọ́, ó máa ń fún, àmì kan lè wọnú òmíràn, torí pé alágbẹ̀dẹ ṣì máa ń fi òòlù tún ọrùn ṣíbí náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá lù ú tán. Kì í ṣe àbùkù. Òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ tó mọ́ roro, tó tò gún régé, ni ká fura sí.

Ẹ wo bí ìpẹ̀kun ọwọ́ ṣe tẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbé ṣíbí náà kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ jẹun, kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Bí ìpẹ̀kun ọwọ́ bá tẹ̀ sókè, tí ìlà kan sì gba àárín iwájú rẹ̀ wá, Hanoverian nìyẹn, tó gbòde láti nǹkan bí 1710 sí 1770. Nígbà náà, ojú ni wọ́n ń dà á dé lórí tábìlì, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà orúkọ ìdílé fi wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Bí ìpẹ̀kun bá tẹ̀ sísàlẹ̀, tí ọwọ́ náà tẹ́jú, Old English ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1760, lẹ́tà ìdílé sì ti bọ́ síwájú. Èyí tó ní èjìká níbi tí ọwọ́ ti fẹ́ kan inú ṣíbí, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ fẹ̀, ni Fiddle, tó gba gbogbo ìgboro láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ṣì ń ṣe gbogbo bátànì wọ̀nyí títí di òní, nítorí náà bátànì kò lè sọ ọdún fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá òǹtẹ̀ jiyàn tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá dọ́gba. Hanoverian tó ní òǹtẹ̀ lókè, tó tò dáadáa, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe nígbà ẹ̀yìn ni.

Kìnnìún lákọ̀ọ́kọ́

Kìnnìún tó ń rìn lọ sápá òsì, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ni àmì fàdákà sterling nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1544. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìdá 1000, 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà tí wọ́n pò mọ́ ọn kí ó lè le. Ní London, kìnnìún náà ń yí ojú wo èèyàn títí di 1821, lẹ́yìn náà ó ń wo iwájú. Ẹ wo ìrù rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò. Nínú òǹtẹ̀ tòótọ́, férémù tó yí i ká bá ìdúró rẹ̀ mu, ara rẹ̀ sì yọ sókè nínú kòtò náà.

Scotland kò lo kìnnìún yìí. Edinburgh lo òdòdó ẹ̀gún òṣùṣú láti 1759 títí tí 1974 fi parí, kí ó tó gba kìnnìún tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì ní 1975. Glasgow ti ń lo kìnnìún tó dúró láti 1819, kí ilé ìdánwò rẹ̀ (ibi tí wọ́n ti ń dán fàdákà wò tí wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn) tó ti ilẹ̀kùn ní 1964. Ní Dublin, dùùrù tó dé adé ni.

Láàárín 1697 sí 1720, òfin kan fipá mú àwọn alágbẹ̀dẹ lo fàdákà tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 958 nínú 1000, kí wọ́n má baà máa yọ́ owó fàdákà ìjọba láti fi ṣe ṣíbí. Obìnrin tó jókòó, Britannia, ló rọ́pò kìnnìún nígbà náà, orí kìnnìún tí wọ́n já lọ́rùn sì rọ́pò àmì London. Wọ́n ṣì lè lo Britannia títí di òní fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi í pe Hibernia, obìnrin Dublin tó jókòó ti dùùrù. Ẹ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀rọ̀ náà "Britannia Metal" tàbí "EPBM", tí kò bá fàdákà tan rárá: tánganran, antimony àti bàbà ni wọ́n pò pọ̀.

Láti 1999, nọ́ńbà 925 nínú férémù ni òfin ń béèrè, kìnnìún àti lẹ́tà ọdún kì í ṣe dandan mọ́.

Ó ku ibì kan tí òfin kìnnìún-lákọ̀ọ́kọ́ lè gbé yín ṣubú. Ṣíbí tíì tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí 1780 sábà máa ń ní àmì méjì péré: kìnnìún, tó lè ti fún di ìlà kan lásán, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ìlú àti ọdún ò sí níbẹ̀. Tí kìnnìún ọ̀hún bá ti pa rẹ́, ṣíbí náà á dà bí èyí tí kò ní láárí. Èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí òǹtẹ̀ fífún wà nísàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ẹ má jù ú padà sínú agbọ̀n kí ẹ tó fi Blu-Tack tẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlú

Orí àmọ̀tẹ́kùn tó kọjú síni ni London. Ó dé adé títí di 1821, ó ṣí adé lẹ́yìn rẹ̀. Ìdákọ̀ró ni Birmingham, adé ni Sheffield, àwọn méjèèjì gba àṣẹ lọ́dún 1773. Sheffield pa adé tì fún òdòdó rósì ní 1975. Ilé olódi onílé-ìṣọ́ mẹ́ta ni Edinburgh, Exeter náà sì lo ilé olódi onílé-ìṣọ́ mẹ́ta. Ẹ wo ẹnìkejì rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀: tí òṣùṣú bá wà níbẹ̀, Edinburgh ni, tí kìnnìún tó ń rìn bá wà níbẹ̀, Exeter ni, tó ti ilẹ̀kùn ní àwọn ọdún 1880. Ilé olódi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni Newcastle. Ìtí ọkà mẹ́ta pẹ̀lú idà ni Chester, títí di 1962. Ẹyẹ, igi, agogo àti ẹja pa pọ̀ ni Glasgow.

Ibi tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń ṣubú sí ni pé àmọ̀tẹ́kùn nìkan kò fi hàn pé London ni. Newcastle, Chester àti Exeter náà lo orí àmọ̀tẹ́kùn mọ́ àmì ìlú tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ẹ bá rí ilé olódi mẹ́ta àti àmọ̀tẹ́kùn nínú ìlà kan, Newcastle ló ni ín. Ẹni tó bá lọ wo tábìlì London á gba ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́tà ọdún

Lẹ́tà ọdún kò túmọ̀ sí nǹkan kan láìsí ìlú, torí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tábìlì tirẹ̀. London ń lo lẹ́tà ogún, A dé U láìsí J, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìyípo mìíràn pẹ̀lú ìkọ̀wé mìíràn tàbí férémù mìíràn. Ìyípo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1776, 1796, 1816, 1836, 1856, 1876, 1896, 1916, 1936 àti 1956. Birmingham máa ń lo tirẹ̀ dé Z, ìyípo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a" kékeré ní 1900 sì parí ní 1924. Títí di 1823, lẹ́tà Sheffield kò tẹ̀ lé a-bí-dí, nítorí náà ẹ má fi ìka kà á. Tábìlì ni kí ẹ wò. Láti 1975, gbogbo ilé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland ń lo lẹ́tà kan náà, wọ́n sì ń yí i padà ní oṣù kìíní. Ṣáájú ìyẹn, May ni London ń yí tirẹ̀, July ni Birmingham àti Sheffield. Nítorí náà, "London 1861" túmọ̀ sí May 1861 sí May 1862.

Ẹ wo A ńlá ti London tí kì í ṣe ìkọ̀wé Gothic (ìkọ̀wé àtijọ́ tó nípọn, tó ní ṣóńṣó), kí ẹ lè mọ ìdí tí lẹ́tà nìkan ò fi tó. Ó jáde ní 1796, ó tún jáde ní 1876 àti 1936. Lábẹ́ awò, wọ́n jọra wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá tí férémù bá ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì tó wà nítòsí ló ń yanjú rẹ̀. Ti 1796 ní àmọ̀tẹ́kùn tó dé adé àti orí ọba tó kọjú sápá ọ̀tún. Ti 1876 ní àmọ̀tẹ́kùn láìní adé àti orí ọbabìnrin tó kọjú sápá òsì. Ti 1936 kò ní orí ọba kankan.

Orí ọba

Orí ọba yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àmì owó orí ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù December 1784, ìjọba ń gba pẹ́nsì mẹ́fà lórí áúǹsì fàdákà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lu orí ọba tó wà lórí oyè mọ́ ọn kí ó hàn pé wọ́n ti san án. Ó parí ní 1890. George Kẹta kọ́kọ́ kọjú sápá òsì, a sì gbẹ́ orí rẹ̀ wọnú fàdákà. Èyí kò pẹ́ ju 1786 lọ, àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ sì ń wá a lójú méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, orí rẹ̀ yọ sókè, ó kọjú sápá ọ̀tún, George Kẹrin àti William Kẹrin náà kọjú síbẹ̀. Victoria ló padà kọjú sápá òsì.

Tí kò bá sí orí ọba, ó lè jẹ́ ṣáájú 1784 tàbí lẹ́yìn 1890. Ibi tí òǹtẹ̀ wà lára ọwọ́ á sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí orí tó jáde lẹ́yìn 1890 dà yín láàmú: George Karùn-ún pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ wà ní ìgbà Jubilee ti 1934 sí 1935, Elizabeth Kejì sì wà ní ìgbà ìgbádé láàárín 1952 sí 1954.

Ẹni tó gbé e wá

Lẹ́tà orúkọ yìí ni gbogbo èèyàn ń pè ní àmì alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fàdákà lọ sí ilé ìdánwò ló ń sọ. Ó lè jẹ́ oníṣọ́ọ̀bù tí kò fọwọ́ kan òòlù rí. Irin òǹtẹ̀ tirẹ̀ ló fi ń lù ú kí ó tó gbé e lọ, nítorí náà kò burú tí lẹ́tà yìí bá wọ́ díẹ̀ kúrò nínú ìlà àwọn yòókù.

WE lórí WF jẹ́ William Eley àti William Fearn, láti 1797. GA ni George Adams, tó forúkọ sílẹ̀ ní 1840 tó sì ṣe ṣíbí rẹpẹtẹ lábẹ́ Chawner & Co. HB tí wọ́n kọ bí ìkọ̀wé ọwọ́ ni Hester Bateman, opó tó forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní London lọ́dún 1761 tó sì fẹ̀yìn tì ní 1790. Owó tí wọ́n ń dá lé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ní tiwa, ó sì tún pọ̀ ju bí iṣẹ́ náà ṣe dára lọ. HB tó bá ní lẹ́tà ọdún tó kọjá 1790 dáadáa, ti ẹlòmíràn ni.

Walker & Hall, Mappin & Webb, James Dixon: ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ta fàdákà tòótọ́, wọ́n sì ta irin abòjú. Orúkọ wọn kò jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Ká mú ṣíbí kan lọ́wọ́

Ṣíbí ńlá oníbátànì Fiddle kan, òǹtẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìpẹ̀kun ọwọ́: GA, orí ọbabìnrin tó kọjú sápá òsì, kìnnìún tó ń wo iwájú, àmọ̀tẹ́kùn láìní adé, àti "f" kékeré ní ìkọ̀wé Gothic.

Kìnnìún: sterling ni. Àmọ̀tẹ́kùn láìní adé, kò sì sí àmì ìlú mìíràn: London, 1821 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá wo f. "f" kékeré jáde ní London ní 1781, 1821, 1861, 1901, 1921 àti 1961. 1781 kò lè jẹ́ nítorí orí ọba ò tíì sí. Orí 1821 gbọ́dọ̀ kọjú sápá ọ̀tún. 1901, 1921 àti 1961 kò ní orí rárá. Ó ku 1861, ìkọ̀wé Gothic sì bá ìyípo 1856 mu. GA ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1840, Fiddle ṣì ń tà. Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan: London, 1861 sí 1862, George Adams. Tí ẹyọ kan nínú wọn bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé kíkà ò tíì parí nìyẹn. Ẹ padà sídìí awò.

Àwọn tó ń ṣe bíi fàdákà

Láti 1840 tí ilé iṣẹ́ Elkington ti gba àṣẹ lórí fífi iná mànàmáná bo irin ní fàdákà, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń lu àmì tó jọ òǹtẹ̀ mọ́ ọn: lẹ́tà E, P, N, S ní ìkọ̀wé Gothic, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú férémù tirẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú adé bíi ti Sheffield. Àwọn ará Sheffield jà sí adé yẹn, wọ́n sì fòpin sí i lára irin abòjú ní 1896. Ẹni tó bá rí férémù mẹ́rin láìrí ohun tó wà nínú wọn á ṣe bí ẹni rí fàdákà. EPNS túmọ̀ sí níkẹ́lì abòjú. A1, EP, "Nickel Silver", "German Silver" àti "Alpaca" wà ní agbo ilé kan náà. Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ "Sheffield" tí wọ́n kọ jáde lódindi, irin abòjú tàbí irin ọ̀bẹ ló sábà máa ń jẹ́, nítorí adé ni Sheffield máa ń lù mọ́ fàdákà, kì í kọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà 90 lára ṣíbí ilé iṣẹ́ WMF ti Jámánì kì í sọ bí fàdákà ṣe mọ́ tó. Ìwọ̀n fàdákà tí wọ́n fi bo ṣíbí méjìlá àti fọ́ọ̀kì méjìlá ni, ní gíráàmù.

Òòfà máa ń mú irin lásán. Níkẹ́lì tí wọ́n pò mọ́ bàbà àti zinc kì í lẹ̀ mọ́ òòfà, bẹ́ẹ̀ ni fàdákà náà, nítorí náà òòfà lè sọ fún yín pé "kì í ṣe fàdákà", kò lè sọ pé "fàdákà ni". Ẹ wo ibi tí ṣíbí ti ń fara kan tábìlì: ẹ̀yìn inú ṣíbí níbi tó yọ jù, ẹ̀yìn ìpẹ̀kun ọwọ́, orí eyín fọ́ọ̀kì. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá yàtọ̀, tó rí bí eérú tó ń pọ́n díẹ̀, níkẹ́lì ti yọ. Bí ó bá pọ́n bíi bàbà, Sheffield plate àtijọ́ (bàbà tí wọ́n lẹ páànù fàdákà mọ́ lójú) ló lè jẹ́.

Fún ìdánwò tí kò ba nǹkan jẹ́, omi ni. Ẹ wọn ṣíbí náà ní gbígbẹ. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù omi lé ìwọ̀n kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ṣíbí, ẹ rì í bọnú omi pátápátá, kí ó má kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Ẹ fi nọ́ńbà tó jáde pín ìwọ̀n gbígbẹ. Ṣíbí tó wọn 72.5, tí omi sì fi 7.0 hàn, jẹ́ 10.36: sterling wà láàárín 10.2 sí 10.4. Tí omi bá fi 8.4 hàn, 8.63 ni, níkẹ́lì nìyẹn. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi tó débi pé àṣìṣe díẹ̀ nínú kíkà kò lè bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìfófó tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín fọ́ọ̀kì. Ẹ gbọn okùn náà díẹ̀ kí wọ́n fi jáde.

Ásíìdì tí àwọn kan ń kan sára rẹ̀ ń fi àpá sílẹ̀, kò sì sọ òótọ́ tí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi fáìlì wọ inú irin náà. Ẹ má ṣe é lára nǹkan oníǹkan.

Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ yàtọ̀. Èèkù rẹ̀ jẹ́ páànù fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí oje igi tàbí ọ̀dà sì kún inú rẹ̀, abẹ rẹ̀ sì jẹ́ irin. Ara èèkù ni òǹtẹ̀ wà, ó sì sábà máa ń pa rẹ́ torí pé páànù náà kò nípọn. Ẹ má wọn ọ̀bẹ kí ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ ra fàdákà. Bí wọ́n bá ti máa ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ohun tó wà nínú á wú, ojúlẹ̀ á sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi èékánná tẹ̀ lé ojúlẹ̀ náà kí ẹ tó sanwó. Tí abẹ bá kọ "stainless" sára, tí èèkù sì jẹ́ ti 1890, wọ́n ti pààrọ̀ abẹ: lẹ́yìn tí Harry Brearley ṣe irin náà jáde ní Sheffield lọ́dún 1913 ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Òǹtẹ̀ tòótọ́ lára nǹkan tí wọ́n tún ṣe

Ayédèrú òǹtẹ̀ kò pọ̀ tó òǹtẹ̀ tòótọ́ tó wà lára nǹkan tí kò jẹ́ bí ó ti wà mọ́. Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ni ṣíbí ńlá ọ̀rúndún kejìdínlógún tí àwọn ará ìgbà Victoria lu èso àti ewé mọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi wúrà bò ó. Wọ́n ń pè é ní berry spoon. Òǹtẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 1775, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kí ẹ má san owó 1775 fún un. Ti fọ́ọ̀kì burú jù. Fọ́ọ̀kì ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣọ̀wọ́n ju ṣíbí lọ, àwọn kan sì ti fi òòlù sọ ṣíbí di fọ́ọ̀kì. Eyín rẹ̀ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù, òǹtẹ̀ rẹ̀ á sì ti wọ́ ju ti ṣíbí lọ.

Tí ẹ bá ní fọ́ọ̀kì mẹ́fà, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ kí ẹ fi òǹtẹ̀ wọn wéra. Ọwọ́ ènìyàn ló lù wọ́n, wọn ò gbọdọ̀ wà ní ibì kan náà gan-an. Bí àyè láàárín àmì bá dọ́gba lára gbogbo wọn, tí àléébù kan náà wà lára kìnnìún gbogbo wọn, tí ojú kòtò sì ní ihò wínníwínní, ẹyọ kan ni wọ́n fi tẹ àpá sínú yanrìn, tí wọ́n wá ń da fàdákà yíyọ́ sínú àpá náà láti fi ṣe gbogbo wọn. Fún òǹtẹ̀ tí wọ́n gé látara nǹkan mìíràn wá lẹ̀, ẹ fi èémí yín fẹ́ sí i. Ìrì tó bò ó máa ń fi ojúlẹ̀ hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó gbẹ. Bákan náà ni kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ọwọ́ níwájú: tí ibẹ̀ bá tẹ̀ síni lọ́wọ́, wọ́n ti fáìlì orúkọ ìdílé kan kúrò níbẹ̀.

Tí kì í bá ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Amẹ́ríkà kò ní ilé ìdánwò ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà "Sterling" ni ẹ máa rí. Ilé iṣẹ́ Gorham níbẹ̀ ń lo kìnnìún, ìdákọ̀ró àti G, àìmọye ló sì ti pè é ní Birmingham. Jámánì láti 1888 ń lo òṣùpá àti adé pẹ̀lú 800. Ilẹ̀ Faransé ń lo orí Minerva, òrìṣà obìnrin ará Róòmù, láti 1838, nọ́ńbà 1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 950, 2 jẹ́ 800. 84 ti Rọ́ṣíà jẹ́ 875.

Ìṣirò owó àti òfin

Ẹ wọn ohun tí kò ní irin nínú nìkan. Ẹ fi 0.925 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye owó fàdákà fún gíráàmù kan lọ́jọ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣíbí 68 gíráàmù ní fàdákà 62.9 nínú. Bí ẹni tó ń tà bá ń fi áúǹsì sọ̀rọ̀, áúǹsì fàdákà jẹ́ 31.1 gíráàmù, kì í ṣe 28.35 ti ilé ìdáná. Ìyẹn ni ìsàlẹ̀ iye owó rẹ̀. Ìlú kékeré bí Exeter tàbí Newcastle, òǹtẹ̀ tó mọ́ kedere àti ṣíbí mẹ́fà tó jọra ló ń gbé e sókè.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣòwò kò gbọdọ̀ pe ohun tó ju 7.78 gíráàmù lọ ní fàdákà tí kò bá ní òǹtẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá ṣe é ṣáájú 1950, tí ó mọ́ tó bí òfin ṣe fẹ́, tí wọn ò sì tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìwé ilé gbàǹjo fi máa ń kọ "white metal" (irin funfun) sí abẹ́ àwo ṣíbí kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, fàdákà òkèèrè tí kò kọjá ilé ìdánwò ni, iye tí wọ́n kọ sí i sì lè kéré sí iye tó tọ́ sí i. Ẹ mú awò àti ìwọ̀n lọ síbi ìfihàn kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, tí iyèméjì bá sì kù lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, àwọn ilé ìdánwò mẹ́rin tó kù, London, Birmingham, Sheffield àti Edinburgh, máa ń dán nǹkan wò tí wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ fún ẹni tó bá san owó rẹ̀.